Ẹran Tí A Pa Tí A Kò Ròyìn: Lámèyítọ́ Lórí Òtítọ́ Nínú Ìjábọ̀ Ìwádìí Tí A Fi Ẹranko Ṣe

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ìjábọ̀ ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí a fi ẹranko ṣe. Ìjábọ̀ méjì lórí àrùn ibà pọ́njú ni ó gbé yẹ̀ wò: ti Hideyo Noguchi tí ó jáde ní ọdún 1919, àti ti Stokes, Bauer àti Hudson tí ó ti inú ìwádìí Yaba ní Èkó jáde ní ọdún 1928. Lẹ́yìn èyí, ó yẹ ìlànà ARRIVE ti ọdún 2010 àti 2020 wò. Èrò tí iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé ríròyìn ohun tí a ṣe fún ẹranko ní kíkún kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ìwé; ara ẹ̀tọ́ tí ẹranko náà ní lórí olùwádìí ni. Ó sì fi hàn pé àyè tí ìlànà ARRIVE fi ọ̀rọ̀ ìgbàláṣẹ sí kò bá ipò ilẹ̀ Nàìjíríà mu.

1. Ìfáàrà

Ìlú Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tí òun àti Ìlobù jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, tí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sì múlé gbè wọ́n, jẹ́ ìlú tí a mọ̀ mọ ìlù. Àwọn ọmọ Àyàn ibẹ̀ ti lu ìlù dé òkè òkun. Ìwé tí Debra Klein kọ ní ọdún 2007 lórí bàtá dá lé iṣẹ́ àti ìrìn-àjò wọn. Lára ìlù tí wọ́n ń gbé lọ, awọ ẹran hàn kedere. Ẹni tí ó bá wo ojú dùndún mọ̀ pé ewúrẹ́ kan kú kí ìlù náà tó fọhùn. Kò sí ẹni tí ó ń fi í pamọ́.

Ẹran mìíràn wà nínú ẹrù àwọn onílù wọ̀nyí tí ojú kò rí. Yẹ́lò káàdì tí arìnrìn-àjò ń mú dání lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú jẹ́ ẹ̀rí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní yellow fever. Abẹ́rẹ́ yìí kan náà ni ìjọba Nàìjíríà fi kún èyí tí a ń fún ọmọ ọwọ́ láti ọdún 2004, tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lọ gbà. Abẹ́rẹ́ náà ní ìtàn, ọ̀bọ sì wà nínú ìtàn náà. Awọ ewúrẹ́ ń bẹ lójú ìlù fún gbogbo ayé láti rí. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ tí ó kú nítorí àjẹsára kò sí níbòmíràn tí a ti lè rí i bí kò ṣe nínú ìwé tí àwọn olùwádìí kọ. Bí ìwé náà bá pé, a rí ẹranko náà. Bí ìwé náà bá lábùkù, ẹranko náà ti ṣègbé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ gidigidi, nítorí pé àwọn ni yóò kọ́ ọmọdé bí a ti ń ka ìwé ìwádìí àti bí a ti ń kọ ọ́.

2. Òṣùwọ̀n Lámèyítọ́ Náà

Yorùbá ní ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bí ó ti máa ń dunni. Òwe yìí kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹran. Yorùbá ń pa ẹran jẹ, wọ́n ń pa á rúbọ, wọ́n sì ń fi í ṣe oògùn. Ohun tí òwe náà béèrè ni pé kí ẹni tí igi wà lọ́wọ́ rẹ̀ má ṣe dibọ́n pé ẹyẹ kò mọ ìrora.

Ní Ìlobù, ibi tí a ti ń bọ Erinlẹ̀, ìtàn òrìṣà náà kò ya ọdẹ kúrò lára oníṣègùn: ọdẹ ni Erinlẹ̀, oníṣègùn sì ni. Ọwọ́ kan náà ni ó ń pa, òun náà ni ó ń wò sàn. Ìjálá ọdẹ pẹ̀lú fi ìmọ̀ yìí hàn. Iṣẹ́ S. A. Babalọlá (1966) lórí ìjálá jẹ́ kí ó yé ni pé kíki ẹranko jẹ́ kókó pàtàkì nínú ewì náà. Ọdẹ tí ó ń sun ìjálá kì í sọ pé òun pa ẹran lásán. Oríkì ẹfọ̀n yàtọ̀ sí ti ẹkùn, ti erin sì yàtọ̀ sí ti ọ̀bọ. Ìrísí rẹ̀, ìwà rẹ̀ àti ewu rẹ̀ ni ọdẹ ń tò lẹ́sẹẹsẹ.

Ní ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìwé tí W. M. S. Russell àti R. L. Burch kọ ní ọdún 1959 ni ó gbé òpó mẹ́ta kalẹ̀ fún ìwádìí tí a ń fi ẹranko ṣe. Èkíní ni ìpààrọ̀: bí ọ̀nà mìíràn bá wà, kí a má lo ẹranko. Èkejì ni ìdínkù: kí a má lo ju iye tí ó tó lọ. Ẹ̀kẹta ni ìdẹ̀rùn: kí a dín ìrora ẹranko kù dé ibi tí ó bá ṣeé ṣe.

Láti inú ìmọ̀ méjèèjì yìí, ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fi wọn ìjábọ̀. Ẹranko wo ni, mélòó ni, níbo ni ó sì ti wá? Kí ni a ṣe fún un, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ sí i, títí kan èyí tí ó kú láìròtẹ́lẹ̀? Ta ni ó fún olùwádìí láṣẹ, báwo sì ni ẹlòmíràn ṣe lè tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò?

3. Ìjábọ̀ Noguchi: Nígbà Tí Orúkọ Bo Iṣẹ́ Mọ́lẹ̀

Hideyo Noguchi jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Rockefeller Institute ní New York, òkìkí rẹ̀ sì kàn gan-an ní àkókò rẹ̀. Ní ọdún 1918, ó lọ sí Guayaquil ní orílẹ̀-èdè Ecuador, níbi tí ibà pọ́njú ti ń jà. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn, ó sì fi í sára guinea pig, ẹranko kékeré kan tí ó fara jọ eku. Ní ọdún 1919, ó kéde pé òun ti rí kòkòrò tí ń fa ibà pọ́njú, ó sì sọ ọ́ ní Leptospira icteroides. Wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ara kòkòrò yìí, wọ́n sì ń lò ó títí di ọdún 1926.

Ìkéde náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn mìíràn wà tí a ń pè ní àrùn Weil, tí ìtọ̀ eku ń tàn kálẹ̀, tí ó sì máa ń sọ ojú aláìsàn di pípọ́n bí ibà pọ́njú. Guinea pig máa ń tètè kó àrùn Weil, ṣùgbọ́n ibà pọ́njú kì í dá a dùbúlẹ̀. Nítorí náà, ẹranko tí Noguchi yàn kò lè jẹ́rìí sí ohun tí a pè é sí. Aristides Agramonte, ọmọ ilẹ̀ Cuba, takò ó ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Kingston, ní Jamaica, ní ọdún 1924. Ní ọdún 1926, Max Theiler àti A. W. Sellards fi hàn pé kòkòrò Noguchi àti ti àrùn Weil kò yàtọ̀ síra.

Ó yẹ kí lámèyítọ́ ya àṣìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́. Kì í ṣe irọ́ ni iṣẹ́ yìí ka ìjábọ̀ ọdún 1919 sí. Àbùkù rẹ̀ ni pé òkìkí ẹni tí ó kọ ọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà á, dípò kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá guinea pig yẹ fún iṣẹ́ náà. Ọdún méje ni ó gbà kí ẹ̀rí tó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ní gbogbo ọdún náà, wọ́n ń gún àwọn ènìyàn ní abẹ́rẹ́ tí kò lè dáàbò bò wọ́n, ẹ̀mí àwọn guinea pig náà sì lọ lásán.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1927, Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Accra. Ó fi ọ̀bọ ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibà pọ́njú pa á ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1928, kí ó tó tẹ ìjábọ̀ iṣẹ́ náà jáde. William Alexander Young, tí ó gbà á lálejò sí ilé ìwádìí Accra, kú tẹ̀ lé e ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ikú Noguchi bani nínú jẹ́, ayé sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀bọ Accra kú láìsí ìwé tí ó sọ ohun tí ikú wọn kọ́ni. Ẹran tí a pa tí a kò ròyìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni a pa á: ikú gba ẹ̀mí rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ sì gba èrè tí ikú náà ìbá mú wá.

4. Ìjábọ̀ Yaba: Ẹranko Tí A Dárúkọ

Láti ọdún 1925 ni àjọ Rockefeller ti dá ilé ìwádìí ibà pọ́njú sílẹ̀ ní Yaba, ní Èkó, lábẹ́ Henry Beeuwkes. Àwọn olùwádìí ibẹ̀ wá kòkòrò Noguchi lára àwọn aláìsàn, wọn kò rí i. Wọ́n fi guinea pig àti àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà ṣe àyẹ̀wò, àwọn ẹranko náà kò ṣàìsàn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1927, A. F. Mahaffy gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ọmọ ọdún 28 kan tí ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve, ní ilẹ̀ Gold Coast tí a mọ̀ sí Ghana lónìí. Ibà náà kò le lára Asibi, ó sì yè é. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sára ọ̀bọ rhesus kan tí a kó wá láti Íńdíà. Ọ̀bọ náà ṣàìsàn, ó sì kú. Láti ara ọ̀bọ kan dé òmíràn, àti nípasẹ̀ yànmùyánmú, Adrian Stokes, Johannes Bauer àti N. Paul Hudson tọpasẹ̀ àrùn náà. Wọ́n fi hàn pé ohun tí ń fà á kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gba inú asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá.

Stokes kó àrùn náà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà sára ọ̀bọ, wọ́n jẹ́ kí yànmùyánmú jẹ ẹ́, àwọn ọ̀bọ náà sì kó àrùn. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Igi tí a fi ń gún ọmọ ẹyẹ padà gún ẹni tí ó mú un dání, ara òun fúnra rẹ̀ sì di apá kan nínú ẹ̀rí. Nígbà tí ìjábọ̀ náà jáde ní ọdún 1928, orúkọ rẹ̀ ni ó ṣíwájú.

Bí a bá fi ìbéèrè kìíní àti ìkejì wọn ìjábọ̀ yìí, ó yege. Irú ọ̀bọ tí a lò hàn. Bí àrùn ṣe mú wọn hàn. Àyẹ̀wò tí kò so èso pẹ̀lú kò di ohun àwátì. Pé àwọn ọ̀bọ Áfíríkà kò ṣàìsàn jẹ́ ìmọ̀ tí ó ṣe pàtàkì bí ti rhesus tí ó kú, nítorí pé òun ni ó ń sọ fún olùwádìí mìíràn irú ẹranko tí kò yẹ kí ó fi ṣòfò mọ́. Ní Dakar, ní ọdún 1928 kan náà, Mathis, Sellards àti Laigret ròyìn pé ọ̀bọ rhesus kó ibà pọ́njú láti ara aláìsàn mìíràn. Ẹ̀rí ti di méjì. Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe àjẹsára tí a ń pè ní 17D ní ọdún 1937, tí ó sì fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951. Òun ni ó wà nídìí yẹ́lò káàdì ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun.

Ìbéèrè kẹta ni ìjábọ̀ Yaba kò dáhùn. Ní ìgbà náà, kò sí ìgbìmọ̀ tí olùwádìí ẹranko gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀rí-ọkàn olùwádìí nìkan ni adájọ́. Kò tọ́ kí a fi òfin òní dá ẹni àná lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò tọ́ bákan náà kí ẹni òní máa kọ̀wé bí ẹni pé ọdún 1928 ni òun ṣì wà.

5. Ìlànà ARRIVE: Ohun Tí Ó Ṣe àti Ibi Tí Ó Kù Sí

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àyẹ̀wò ìwé ìwádìí 271 jáde, èyí tí wọ́n fi owó ìjọba ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ìdá 59 nínú 100 péré ni ó sọ èrèdí ìwádìí pọ̀ mọ́ iye ẹranko àti irú tí wọ́n jẹ́. Ìdá 87 kò sọ pé àwọn pín ẹranko sí ọ̀wọ́ láìṣojúsàájú. Ìdá 86 kò sọ pé ẹni tí ó ń díwọ̀n èsì kò mọ ọ̀wọ́ tí ẹranko kọ̀ọ̀kan wà. Nítorí èyí ni wọ́n fi gbé ìlànà ARRIVE jáde ní ọdún 2010, pẹ̀lú kókó 20. Wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2020: kókó 10 di kòṣeémánìí, kókó 11 yòókù sì di èyí tí a dámọ̀ràn.

Ìlànà yìí yẹ ní ìyìn. Ó fi ojú òtítọ́ hàn pé àbùkù ìjábọ̀ kì í ṣe àrùn ilẹ̀ Áfíríkà nìkan. Àwọn tí owó àti ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ wọn náà ń jẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù méjì wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ìlànà kì í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2019 lo iṣẹ́ 1,689 tí àwọn onímọ̀ fi ránṣẹ́ sí jọ́nà PLoS ONE. Wọ́n ní kí àwọn kan lára àwọn òǹkọ̀wé sàmì sí ìwé ìbéèrè ARRIVE, wọn kò béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù. Kò sí ẹyọ iṣẹ́ kan tí ó tẹ̀ lé ìlànà náà pátápátá, ìwé ìbéèrè náà kò sì mú àyípadà wá. Sísàmì sí ìwé kò dọ́gba pẹ̀lú sísọ òtítọ́.

Èkejì ni ó kan ilẹ̀ yìí jù. Nínú ètò ti ọdún 2020, ọ̀rọ̀ ìgbàláṣẹ kò sí lára kókó 10 kòṣeémánìí; kókó 14 ni, lára àwọn tí a dámọ̀ràn. Ipò ilé àti ìtọ́jú ẹranko náà wà níbẹ̀. Ìdí tí àwọn tí ó ṣe é fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye: kókó 10 wà láti jẹ́ kí a mọ bóyá èsì ṣeé gbára lé, ọ̀pọ̀ jọ́nà ní òkè òkun sì ti ń béèrè ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀. Ní ibi tí òfin ti dúró gbọn-in, a lè fi ọ̀rọ̀ àṣẹ sí ẹ̀yìn. Ní Nàìjíríà, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 495 nínú Criminal Code ka ìwà ìkà sí ẹranko léèwọ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwádìí kọ́ ni ó dojú kọ. Abala 33 nínú Òfin Ètò Ìlera ti ọdún 2014 gbé e lé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lọ́wọ́ láti gbé ìlànà kalẹ̀ fún ìwádìí lórí ènìyàn àti ẹranko. Yunifásítì Ìbàdàn ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹranko. Láàárín òfin àti akẹ́kọ̀ọ́ tí eku wà lọ́wọ́ rẹ̀, àlàfo ńlá ṣì wà.

Ọ̀ràn Kánò ti ọdún 1996 fi ewu inú àlàfo yìí hàn lórí ènìyàn. Ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn, ó sì ní ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ wà fún un. Ìwé ìròyìn Washington Post ròyìn lẹ́yìn náà pé ilé ìwòsàn ọ̀hún kò ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí a kọ sórí ìwé náà. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí ọmọ ènìyàn ti ní òbí tí yóò béèrè, kí ni a ó sọ nípa eku tí kò ní agbẹnusọ? Nítorí náà, ní ilẹ̀ yìí, orúkọ ìgbìmọ̀, nọ́ńbà ìwé àṣẹ àti ọjọ́ tí a fún un gbọ́dọ̀ wà lára kòṣeémánìí. Ipò ilé ẹranko náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Eku tí ooru mú nínú yàrá tí iná mànàmáná ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe eku kan náà tí ìwé òkè òkun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀; ẹni tí kò sọ èyí kò tíì sọ èsì rẹ̀.

6. Ohun Tí Ó Kan Ilé Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lo eku fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lè kọ ọ́ báyìí: "A pín eku 12 sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, a fún wọn ní omi ewé, a sì pa wọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 14." Gírámà gbólóhùn yìí pé, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan pamọ́. Akọ ni tàbí abo? Báwo ni a ṣe pín wọn? Ọ̀wọ́ wo ni a kò fún ní nǹkan kan, kí a lè fi ṣe àfiwé? Eku mélòó ni ó kú kí ọjọ́ 14 tó pé, ṣé wọ́n sì wà nínú ìṣirò? Ọ̀nà wo ni a fi pa wọ́n tí ìrora fi mọ níwọ̀n? Ta ni ó fọwọ́ sí i? Ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò gbà ju ìpínrọ̀ kan lọ.

Àwọn kan lè wí pé jọ́nà ń gba owó lórí ojú-ìwé, pé kíkọ púpọ̀ ń náni lówó. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ tí ó ń ki olùdarí iṣẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gé, kì í ṣe èyí tí ó sọ ti ẹranko. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá kọ pé eku mẹ́ta kú láìròtẹ́lẹ̀, a ó já iṣẹ́ àwọn kulẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ mú kúrò. Ẹni tí ó ń yẹ iṣẹ́ wò gbọ́dọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì fún àkọsílẹ̀ ìkùnà tí ó jẹ́ òótọ́. Bí a bá ń fìyà jẹ òótọ́, irọ́ ni a ń kọ́ni.

Èyí kò yọ olùkọ́ èdè Yorùbá sílẹ̀. Òun ni yóò wá ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún ìmọ̀ wọ̀nyí, tí ọmọ ilé-ìwé ní Ìlobù tàbí Ìfọ́n yóò lóye. Ọ̀rọ̀ bíi "a fi ẹranko náà rúbọ," tí àwọn kan tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì, kò yẹ. Ẹbọ ní òrìṣà tí a rú u sí, ó sì ní ìwúre. Bí a bá pa eku, kí a kọ pé a pa á.

7. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìjábọ̀ Noguchi àti ti Yaba jọ lo ẹranko, wọ́n jọ pa ẹranko, ikú sì jọ wọ àárín àwọn tí ó ṣe wọ́n. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí ìwé ti jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ẹranko náà tó. Iṣẹ́ Accra bá Noguchi wọlẹ̀. Iṣẹ́ Yaba di àjẹsára. Ìlànà ARRIVE ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ àṣẹ àti ilé ẹranko wá sí iwájú kí ìlànà náà tó bá a mu.

Onílù Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kò fi awọ pamọ́ lójú ìlù rẹ̀, nítorí pé láti ara awọ náà ni ohùn ti ń jáde. Ohun tí awọ jẹ́ fún ìlù ni ìròyìn ẹranko jẹ́ fún ìwádìí.